Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ètò Ìgbábọ́ọ̀lù Tí Alátakò Ti Mọ̀ Tẹ́lẹ̀, àti Ẹ̀kọ́ Inú Rẹ̀ fún Àwa Tí A Ń Kọ́ Olùkọ́

Ìfáárà

Lọ́kọ́jà, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé, kì í ṣe ìlú ẹ̀yà kan ṣoṣo. Ọ̀wọ́rọ̀, Nupe, Hausa, Ígálà, Ẹ̀bìrà, Bàsà àti Yorùbá ló ń pàdé ara wọn ní àdúgbò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Old Market. Irú ibẹ̀ ni àwọn àgbà ń wò tí wọ́n fi ń sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Àdúgbò yìí ni a jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fìdí rẹmi. Kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọ wa lọ́jọ́ náà ni adẹ̀yìnmú alátakò ti ń pariwo pé, 'Ọ̀tún ni! Ọ̀tún ni!' Kò purọ́. Ọ̀tún náà ni, nítorí pé ọ̀tún ni a fi oṣù kan gbáko kọ́ wọn. Ọmọ kan tilẹ̀ gbìyànjú láti gba àárín, ṣùgbọ́n àwa tí a wà létí pápá ni a jágbe mọ́ ọn pé kó padà sínú ètò. Nígbà tí a rojọ́ náà tán, bàbá kan tó ń ta ayò nítòsí wa rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ẹ̀yin tíṣà, bí ọ̀ta bá ń ti ojúlé kan náà bẹ̀rẹ̀ ayò lójoojúmọ́, ọ̀pẹ́ á kọ́ ọ.'

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí ló bí iṣẹ́ yìí. Ìbéèrè wa ni pé: ṣé ètò tí a ṣe sílẹ̀ ló ń ba eré jẹ́, àbí ọ̀nà tí a gbà fi kọ́ àwọn ọmọ ní ètò náà? A ó wá ìdáhùn nínú ìtàn.

Ilé-ìwé àti bọ́ọ̀lù

Lọ́kọ́jà mọ ilé-ìwé tipẹ́. Lọ́dún 1865 ni Samuel Ajayi Crowther dá ilé-ìwé sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Holy Trinity lónìí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1900 ni Lugard gbé àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè ní ìlú kan náà. Ìjọ Ọlọ́run ń kọ́ni níwèé, ìjọba ń tú ọkọ̀ ogun gba orí omi. Àárín àwọn méjèèjì ni bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní Kàlàbá. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 1904, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Hope Waddell Training Institution, ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ Presbyterian dá sílẹ̀ lọ́dún 1895, bá àwọn atukọ̀ HMS Thistle, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, figagbága. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló borí pẹ̀lú ayò 3 sí 2. Ìfigagbága yìí ni àwọn òpìtàn sábà máa ń kà sí àkọ́kọ́ tó ní àkọsílẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká ṣàkíyèsí pé ọwọ́ àwọn òyìnbó ni àwọn ọmọ yìí ti kọ́ eré náà, síbẹ̀ wọ́n fi na àwọn tó ni ín. Ẹni tó kọ́ ètò kan dáadáa lè lò ó ju ẹni tó kọ́ ọ lọ.

Nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀wù

Eré náà kò dá wá, ètò bá a wá. Nígbà tí wọ́n yí òfin ọ́fúsáìdì padà lọ́dún 1925, Herbert Chapman, akọ́nimọ̀ọ́gbá Arsenal, gbé ètò kan kalẹ̀ tí ìlànà ìdúró àwọn agbábọ́ọ̀lù inú rẹ̀ jọ lẹ́tà W àti M. Nínú ètò yìí, olúkúlùkù ló ní ààyè tirẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀wù sì wá di orúkọ iṣẹ́. Títí dòní, bí olùkọ́ eré ìdárayá bá sọ fún ọmọ kan pé, 'Ìwọ ni nọ́ńbà 9', ọmọ náà ti mọ ibi tí yóò dúró sí.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1953, Họ́ngárì lọ bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley. Nándor Hidegkuti ló wọ nọ́ńbà 9, ṣùgbọ́n kò dúró síwájú. Ńṣe ló fà sẹ́yìn sí àárín pápá. Harry Johnston, nọ́ńbà 5 ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló yẹ kó máa ṣọ́ nọ́ńbà 9. Bó bá tẹ̀lé e, àlàfo yóò ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn. Bó bá dúró, Hidegkuti yóò máa ṣe bó ṣe wù ú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ wọn, Hidegkuti ti jẹ 3 nínú ayò 6 sí 3 tí Họ́ngárì fi borí. Lójú tiwa, Johnston kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́, wọn kò kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe nígbà tí ẹni tí wọ́n ní kó ṣọ́ kò bá sí níbi tí wọ́n ní yóò wà. Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì.

Láti 1994 sí 1996

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹlẹ̀ sí àwa náà. Ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1994 ní Amẹ́ríkà, gbogbo ayé ló mọ bí Super Eagles tí Clemens Westerhof ń tọ́ ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù: Finidi George lọ́tùn-ún, Emmanuel Amuneke lósì, Rashidi Yekini láàárín. Ètò tó dára ni. Samson Siasia ti jẹ ayò kan lára Ajẹntínà ní ìṣẹ́jú 8, ṣùgbọ́n Caniggia jẹ méjì padà. Ìkejì wáyé nígbà tí Maradona yára gbá fírí-kíìkì kí àwọn tiwa tó tò tán. Nígbà tí a pàdé Ítálì ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, Amuneke jẹ ayò ní ìṣẹ́jú 25. Wọ́n fún Zola ní káàdì pupa ní ìṣẹ́jú 75, Ítálì sì ku ènìyàn 10. Síbẹ̀, Baggio dá ayò náà padà ní ìṣẹ́jú 88, ó sì fi pẹnáritì borí wa nínú àfikún àkókò. Eré ti yí padà. Èrò tiwa ni pé àwa kò yí padà tó.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní Òlíḿpíìkì, Jo Bonfrere ló wà nídìí ẹgbẹ́ náà. Bràsíl ń fi ayò 3 sí 1 ṣíwájú wa, ṣùgbọ́n Ikpeba jẹ ọ̀kan, Kanu jẹ méjì, ó di 4 sí 3. Nínú àṣekágbá ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 1996, a wà ní ọ̀mì 2 sí 2 pẹ̀lú Ajẹntínà, ó ku díẹ̀ kí eré parí. Nígbà tí a fẹ́ gbá fírí-kíìkì, àwọn adẹ̀yìnmú wọn sáré síwájú lápapọ̀ láti dẹ pakúté ọ́fúsáìdì. Amuneke kò kó sí i. Òun nìkan ni bọ́ọ̀lù bá, ó sì gbá a sáwọ̀n. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ẹlòmíràn ni ètò wọn já sí àmọ̀tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà kejì náà, kíkọ́ ni

Pápá Sanford ti University of Georgia ni ìfigagbága méjèèjì yìí ti wáyé. Bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà máa ń gbá níbẹ̀. Ìtàn eré tiwọn náà ní ẹ̀kọ́ fún wa. Láti ọdún 1906 ni òfin ti gbà wọ́n láyè láti máa ju bọ́ọ̀lù síwájú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ yunifásítì ṣì ń gbé e sá wọ àárín èrò bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1913, Gus Dorais àti Knute Rockne, akẹ́kọ̀ọ́ Notre Dame, ń fi jíju bọ́ọ̀lù dánra wò létí adágún omi. Nígbà tí wọ́n pàdé Army ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá, ẹ̀yìn àwọn ológun náà ni bọ́ọ̀lù ń bọ́ sí, Notre Dame sì borí pẹ̀lú 35 sí 13.

Ohun tí a rí dì mú níbí ni pé àrà tí wọ́n dá kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Wọ́n fi gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn kọ́ ọ. Họ́ngárì náà ní ètò tirẹ̀. Ètò kì í ṣe ọ̀tá; ọ̀tá ni pé kí a kọ́ ọmọ ní ọ̀nà kan, kí a sì nà án bó bá wo ọ̀nà mìíràn.

Ìgúnlẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gidigidi, nítorí ọwọ́ àwọn tí a ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé yóò wà. Adegboye Onigbinde ti Mọdákẹ́kẹ́, tó kó Nàìjíríà dé àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 1984 àti Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní 2002, iṣẹ́ olùkọ́ ló kọ́kọ́ ṣe. Ó sì kàn wá ju orí pápá lọ. Nígbà tí a bá lọ wo akẹ́kọ̀ọ́ wa lẹ́nu T.P., ṣebí nóòtì rẹ̀ la máa ń gbé dání, tí a ó máa wò ó bóyá ó kúrò nínú rẹ̀? Bí ọmọ kíláàsì kan bá béèrè ohun tí kò sí nínú nóòtì, tí olùkọ́ náà sì dúró dá a lóhùn, a lè tìtorí rẹ̀ yọ máàkì.

A dábàá nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, nínú ìdánrawò bọ́ọ̀lù, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá máa dá eré dúró, kó yọ ẹnì kan kúrò tàbí kó dí ọ̀nà kan, kó sì bi àwọn ọmọ pé, 'Kí lẹ rí? Ibo ló ṣí sílẹ̀?' Ìkejì, kí a ya máàkì sọ́tọ̀ lẹ́nu T.P. fún akẹ́kọ̀ọ́ tó yà kúrò nínú nóòtì, tó sì lè sọ ìdí tó fi yà.

Ní tiwa, a ti padà lọ bá ọmọ tí a jágbe mọ́ lọ́jọ́sí. A bi í léèrè ohun tó rí tó fi fẹ́ gba àárín. Ó ní gbogbo wọn ti sáré lọ sọ́tùn-ún, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́.