Ibà Wo Ni?

"Ibà ń ṣe mí." Ohun tí à ń sọ ní kẹ́mísì nìyẹn tí a fi ń ra oògùn. Ara gbígbóná, ibà ni. Àìsàn tí ẹ̀fọn ń kó ràn wá, ibà náà ni. Ọ̀rọ̀ kan ló ru ẹrù méjì. Nítorí èyí, bí ara ọmọ bá ti gbóná, oògùn ibà la ó fún un, ó sì lè jẹ́ òtútù àyà ló ń bá a jà.

Àbá mi ni pé kí "ara gbígbóná" dúró fún àmì àìsàn, kí a sì máa pe malaria ní "ibà ẹ̀fọn". Lóòótọ́, ẹ̀fọn ló ń kó ibà pọ́njú náà ràn wá, ṣùgbọ́n ìyẹn ti ní orúkọ tirẹ̀. "Afẹ́fẹ́ burúkú" ni malaria túmọ̀ sí ní èdè Ítálì. Wọ́n di ẹ̀bi ru afẹ́fẹ́, bí àwọn àgbà wa ṣe dì í ru oòrùn. Ní 1897, dókítà kan tó ń jẹ́ Ronald Ross rí i ní Íńdíà pé inú ẹ̀fọn ni ohun tó ń fa àìsàn náà ń gbé.

Kí la ó wá pe ohun náà, tí dókítà kan tó ń jẹ́ Laveran ti rí nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ní Àlgéríà ní 1880? Ọ̀pọ̀ ń pè é ní "kòkòrò", bẹ́ẹ̀ kòkòrò ni ẹ̀fọn fúnra rẹ̀. "Àfòmọ́" ló tẹ́ mi lọ́rùn. Àfòmọ́ ò légbò, gbogbo igi ló ń bá tan. Inú ẹ̀dọ̀ ni àfòmọ́ ibà ti ń bí sí i, kó tó tú sínú ẹ̀jẹ̀. Àgbẹ̀ tó gé àfòmọ́ tó ṣẹ́ díẹ̀ kù sára ẹ̀ka mọ̀ pé yóò tún hù. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ lo oògùn ọjọ́ 3 tán, bí ara tilẹ̀ ti yá.

Ká má gbàgbé gìrì. Ibà ẹ̀fọn tó le lè mú kí gìrì gbé ọmọ. Ẹni tó bá kà á sí àrùn ọ̀tọ̀ yóò máa wá àgbo, nígbà tó yẹ kó ti gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, ẹ bá wa tan àwọn ọ̀rọ̀ yìí kálẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì olóògùn sórí ibùsùn ọmọ. Bí ara rẹ̀ bá sì gbóná, ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó fún un lóògùn.