Wọ́n Dá Wa Dúró ní Ọ̀nà Ìfọ́n

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ará Ìfọ́n àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ pé wọ́n dá dúró lójú ọ̀nà kì í ṣe awakọ̀ rárá. Òòṣàálá ni, ẹni tí wọ́n ń pè ní Òrìṣà Olúfọ́n. Ìtàn àwọn àgbà ni. Bàbá fẹ́ lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Ifá ní kó má lọ, Bàbá ní òun á lọ. Ifá ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó mú aṣọ funfun mẹ́ta àti ọṣẹ dání, kó má sì ráhùn, ohun yòówù kí ojú rẹ̀ rí. Èṣù pàdé rẹ̀ lọ́nà lẹ́ẹ̀mẹta: epo, èédú, àdí, gbogbo rẹ̀ ló dà sí i lára. Bàbá wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó ń lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé Ọ̀yọ́, ó rí ẹṣin Ṣàngó tó sọnù, ó mú un, ó ń fà á lọ fún ẹni tó ni ín. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba rí arúgbó, wọ́n rí ẹṣin. Olè! Wọn ò béèrè orúkọ, wọn ò béèrè ibi tó ti ń bọ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún méje. Òjò kọ̀, ilẹ̀ gbẹ, obìnrin ò bímọ, kí Ifá tó sọ fún Ṣàngó pé aláìṣẹ̀ kan wà nínú ẹ̀wọ̀n rẹ̀.

Wọ́n ṣì ń rántí ọ̀rọ̀ yìí ní Bahia ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pe òrìṣà náà ní Oxalufã, tí wọ́n sì máa ń pọn omi fún un. Ohun tó ká mi lára jù nínú ìtàn náà ni pé ọba fúnra rẹ̀ kò mọ ẹni tó wà nínú ẹ̀wọ̀n òun. Wọ́n mú èèyàn lójú ọ̀nà, kò sì sí àkọsílẹ̀ kankan.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ tèmi. Sáà tó kọjá, mo wọ bọ́ọ̀sì ní Òṣogbo, mò ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n kó wa sórí àga ẹlẹ́ni mẹ́ta, kọ̀ndọ́ rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. A kọjá Ìlobùú, a wọ Ìfọ́n, àwọn aláṣọ ìjọba kan dá wa dúró. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti wá, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Èyí tó dàgbà nínú wọn ka orí wa, ó wo táyà, ó mi orí. "Dírẹ́bà, wá." Ó yọ pépà jáde, mo sì rí bíró lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa èrò gan-an la kọ́kọ́ figbe ta. Ìyá kan ní ẹja òun ń bàjẹ́. Èmi ní tẹ́ẹ̀sì aago méjìlá. Mo yọ orí síta: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣàánú wa. Bọ̀dá dírẹ́bà, ẹ fún wọn ní nǹkan ká máa lọ jàre!" Dírẹ́bà ká owó sínú ìwé ọkọ̀, ó nà án sí wọn. Pépà padà sápò. A pàtẹ́wọ́.

A ò tíì jìnnà sí Ìfọ́n tí táyà ẹ̀yìn fi bẹ́, ọkọ̀ wọgbó. Ẹnikẹ́ni ò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ọmọdébìnrin tó jókòó lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kán lọ́wọ́. Igbe ọmọ yẹn kò tíì kúrò létí mi. Àtìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi pé, pépà tó padà sápò yẹn, báwo ló ṣe dé ojú ọ̀nà wa?

Àwa tí a ń kọ̀wé ló yẹ ká mọ̀ ọ́n, torí òǹkọ̀wé wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ní 1965 ni eré Wọlé Ṣóyínká tó ń jẹ́ The Road jáde. Nínú rẹ̀, Professor ń ṣe ayédèrú láísẹ́ńsì fún awakọ̀, ó ń fa àmì ojú ọ̀nà tu. Particulars Joe ni orúkọ ọlọ́pàá ibẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó máa ń béèrè. Pépà pọ̀ nínú eré náà, òtítọ́ ni kò sí nínú pépà.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ kúrò ní eré. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, gbogbo awakọ̀ Nàìjíríà kúrò lọ́wọ́ òsì, wọ́n bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún. Owó epo rọ̀bì dé, mọ́tò pọ̀, ikú náà pọ̀. Ṣóyínká ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ sì ń pa olùkọ́, ó ń pa akẹ́kọ̀ọ́. Ní 1977 ni wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, òun ló sì ṣagbátẹrù rẹ̀. Majamaja ni ará ìlú ń pè wọ́n. Ẹ má gbàgbé o, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Ìfọ́n wà títí di ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991 tí wọ́n dá Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ọ̀nà tiwa yìí wà lábẹ́ wọn.

Ìjọba àpapọ̀ tú Majamaja ká ní 1983. Ọdún márùn-ún kọjá kí wọ́n tó padà sídìí ọ̀rọ̀ náà: ọjọ́ 18 oṣù kejì 1988 ni òfin kẹrìnlélógójì-lé-kan, Decree 45, dá FRSC sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Ṣóyínká, tó ti gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986, ni alága àkọ́kọ́. Títí dòní wọ́n ṣì ní àwọn special marshal, èèyàn bíi tiwa tí kò gbowó oṣù.

Kí wá ni tikẹ́ẹ̀tì? Àkọsílẹ̀ ni: orúkọ rẹ, nọ́ńbà ọkọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ tí o ṣẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kò gbọdọ̀ gba owó náà lọ́wọ́ rẹ, báńkì lo ti máa san án. Bí o kò bá gbà pé o jẹ̀bi, ilé ẹjọ́ wà. Àwọn iye tí FRSC tẹ̀ jáde kò farasin: bẹ́líìtì tí o kò dè, ₦2,000; fóònù nídìí ọkọ̀, ₦4,000; àpọ̀jù èrò, ₦10,000; ìwàkuwà tó lè pani, ₦50,000. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ra ẹ̀ṣọ́ wọn, ₦10,000. Ẹ ṣírò ó wò. Tó bá jẹ́ àwọn ni a na owó sí lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá la fi bo ẹ̀ṣẹ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mọ́lẹ̀.

Àwa náà kúkú mọ̀ ọ́n yí. Ní oṣù kìn-ín-ní 2009 tí wọ́n ní kí gbogbo ọlọ́kadà dé akoto, ní Kánò, àwọn kan dé igbá, àwọn kan dé ike ọ̀dà. A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n kí ni igbá fẹ́ ṣe fún agbárí? Ẹ̀ṣọ́ nìkan ló lè tàn, kò lè tan ọ̀dà títì. Owó tí a ká sínú ìwé ọkọ̀, igbá lórí ni òun náà.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: "Àwọn tó ń gba ẹ̀gúnjẹ ńkọ́?" Òótọ́ ni, wọ́n wà. Ní oṣù kejì 2012, ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá, M. D. Abubakar, ní kí wọ́n tú gbogbo ibùdó ìdádúró ọlọ́pàá ká lójú títì, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ aráàlú wà lára ìdí rẹ̀. Ṣé ó tán? Ẹ̀yin náà ń wọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba ẹ̀gúnjẹ ló kórìíra pépà jù. Bíró ló ń bà á lẹ́rù. Nítorí náà, tí wọ́n bá dá ọkọ̀ yín dúró, ẹ kí wọn, ẹ wo orúkọ àyà wọn, ẹ béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀, kí ẹ sì gba tikẹ́ẹ̀tì. Tẹ́ ò bá jẹ̀bi, pépà yẹn náà lẹ máa gbé lọ sílé ẹjọ́.

Bàbá wa láti Ìfọ́n dákẹ́, ó fi jẹ ẹ̀wọ̀n ọdún méje. Èmi sọ̀rọ̀, ọmọ ọlọ́mọ kán lọ́wọ́. Tí wọ́n bá tún dá wa dúró lọ́nà yẹn, tí bíró bá yọ, màá dúró ti bíró. Màá ní, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ sà, kí àwọn tó lé sì bọ́ọ́lẹ̀." Bí tẹ́ẹ̀sì bá fẹ́ lọ, kó máa lọ.