Aago, Bírò àti Oògùn Bàbá

6:30 àárọ̀. Bàbá wa jí nílé wọn ní Lásunwọ̀n, ní agbègbè Ìkòròdú. Ẹsẹ̀ wọn le gbagidi: oògùn alẹ́ àná ti tán lára. Mo sàmì sí "oògùn kò ṣiṣẹ́" nínú ìwé tí dókítà fún wa. Robert Hauser àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló gbé irú ìwé yìí jáde ní ọdún 2000. Ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, a ó yan ọ̀kan nínú márùn-ún: aláìsàn ń sùn; oògùn kò ṣiṣẹ́; ó ń ṣiṣẹ́, ara ò sì jó; ó ń ṣiṣẹ́, ara ń jó, ṣùgbọ́n kò dí i lọ́wọ́; tàbí ó ń ṣiṣẹ́, ara ń jó, ó sì ń dí i lọ́wọ́.

7:00. Wọ́n fi omi lo levodopa. Oúnjẹ di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i. Àìsàn Parkinson tó ń bá wọn jà ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè dopamine nínú ọpọlọ; levodopa ni ọpọlọ fi ń ṣe òmíràn.

8:00. Oògùn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọn. Bàbá de bọ́tìnì ẹ̀wù fúnra wọn, wọ́n rìn dé géètì lọ kí aládùúgbò. Bó bá jẹ́ iwájú dókítà ni wọ́n wà, á ní ara ti yá.

9:00. Ara ti ń jó: ejìká ń lọ́, ọrùn ń mì. Àlejò á rò pé àìsàn ló le sí i, bẹ́ẹ̀ oògùn ló kún ara. Wọ́n ní kò dí àwọn lọ́wọ́. Mo sàmì sí i bẹ́ẹ̀.

10:30. Ẹsẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Láàárín nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀, ìdajì levodopa inú ẹ̀jẹ̀ á ti lọ. Dókítà tó bá rí wọn báyìí nìkan lè fi kún oògùn, kí ara tún wá máa jó jù ti aago mẹ́sàn-án lọ.

11:00. Oògùn kejì. Ní 11:30, wọ́n ti dìde.

2:30 ọ̀sán. Ara tún ń le, oúnjẹ ọ̀sán sì ṣẹ̀ṣẹ̀ délẹ̀: ẹ̀wà àti ẹja. Wọ́n lo oògùn kẹta ní 3:00. Ó di aago mẹ́rin, kò ṣiṣẹ́. Ọ̀nà kan náà ni levodopa àti purotéènì inú oúnjẹ ń gbà wọnú ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ. Wọ́n ń du ọ̀nà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Oògùn ò mú wọn títí di 4:30.

7:00 alẹ́. Láti 6:30 ni ara ti ń le. Ìyá wa ní, "Bàbá wọn, ẹ jẹ́ ká fo talẹ́ yìí, kó má baà mọ́ yín lára, kó má wá ṣiṣẹ́ mọ́." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má jẹ́ ká fò ó." Ní 2014, Roberto Cilia àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi aláìsàn 91 ní Ghana wé àwọn ará Ítálì. Àwọn ará Ghana pẹ́ kí wọ́n tó rí levodopa, síbẹ̀, bí a bá kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn, ìgbà tí oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í tètè tán lára wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn ará Ítálì. Ọdún tí àìsàn ti lò lára àti ìwọ̀n oògùn lójúmọ́ ló bá a rìn, kì í ṣe ọdún tí èèyàn ti ń lo oògùn. Bàbá lò ó. Ní 7:30, ó ti mú wọn.

10:00. Mo ro ó pọ̀: wákàtí márùn-ún ààbọ̀ ni oògùn kò fi ṣiṣẹ́, méjì nínú rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀wà ọ̀sán. Dókítà lè sún àkókò oògùn mọ́ra, ó lè ní ká gbé ẹ̀wà àti ẹja sí alẹ́, ó sì lè fi oògùn tó ń jẹ́ kí levodopa pẹ́ lára kún un. Ìwé yìí ni yóò jẹ́ kó mọ èyí tó yẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú irú aláìsàn báyìí, ẹ má dá oògùn yí padà. Ẹ béèrè ìwé náà lọ́wọ́ dókítà, kí ẹ sì máa sàmì sí i bí aago ti ń lọ. Ẹ má dúró dalẹ́ kí ẹ tó máa rántí.