Bí Ìwé Orí Kọ̀ǹpútà Ṣe Wọ Ilé-Ìkàwé Yunifásítì

Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1971, Michael Hart, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, tẹ Ìkéde Òmìnira orílẹ̀-èdè rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ńlá ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. Iṣẹ́ yìí ló di Project Gutenberg, tí ọ̀pọ̀ gbà pé ó jẹ́ orísun ìwé orí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni Hart fi lélẹ̀. Nígbà tí àwọn ilé-ìkàwé yunifásítì máa fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ jọ, ọ̀rọ̀ ti di ti òwò.

Ọdún 1998 ni NetLibrary bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Boulder, ní Colorado. Ó ń gba ìwé lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé, ó ń tà á fún ilé-ìkàwé. Ẹ̀rù ń ba àwọn atẹ̀wé pé bí ìwé bá ti dórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni ò ní rà á mọ́, nítorí náà, ẹ̀dà kan, òǹkàwé kan ni ìlànà tó gbilẹ̀ níbẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ti yá ìwé, àwọn yòókù á dúró títí yóò fi dá a padà. Ebrary, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999, gba ọ̀nà mìíràn: ilé-ìkàwé á san owó ọdọọdún lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé lápapọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn á sì lè ka ìwé kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlànà méjèèjì ṣì wà títí dòní.

Àtika ìwé náà láti ilé tún jẹ́ wàhálà ọ̀tọ̀. Àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà inú ọgbà ni àwọn tó ń ta ìwé fi ń dá ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jókòó sínú yàrá rẹ̀ nígboro, àjèjì ni lójú wọn. Ní 1999, Chris Zagar, olùtọ́jú ilé-ìkàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Arizona, gbé EZproxy jáde láti tú kókó yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, EZproxy á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì bá a béèrè ìwé lórúkọ ilé-ẹ̀kọ́. Lójú tèmi, kò sí iṣẹ́ tó ṣe akẹ́kọ̀ọ́ lóore tó èyí nínú gbogbo ìtàn yìí, ẹni tó sì ń rí ìyà wọn lójoojúmọ́ ló ṣe é. OCLC, àjọ àwọn ilé-ìkàwé, rà á ní 2008.

Ohun tó ń dun àwọn olùtọ́jú ilé-ìkàwé jù ni pé ìwé tí wọ́n sanwó lé kì í sábà di tiwọn. Ìwé alábala tí wọ́n bá rà, wọ́n lè yá a fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn, kí wọ́n sì tún tọ́jú rẹ̀ fún àwọn tí wọn ò tíì bí. Ní ti orí kọ̀ǹpútà, àṣẹ àtikà ni wọ́n ń rà, àdéhùn ló sì ń sọ iye ojú-ewé tí akẹ́kọ̀ọ́ lè tẹ̀ jáde àti ọjọ́ tí àṣẹ náà máa parí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe fẹ́ wọlé ní Amẹ́ríkà, atẹ̀wé Wiley yọ ìwé tó lé ní 1,300 kúrò nínú àkójọ ProQuest, ilé-iṣẹ́ tó ti ra Ebrary ní 2011. Àwọn olùkọ́ ti yan díẹ̀ nínú wọn fún kíláàsì. Lẹ́yìn ariwo púpọ̀ ni Wiley dá wọn padà fún ìgbà díẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà. Láti 2012 ni Directory of Open Access Books ti ń to ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́, láìsí páásíwọ́ọ̀dù. Akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn àti ti Oxford dọ́gba níwájú rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ìwé tí ẹ nílò bá kọ̀ tí kò ṣí, ẹ má kàn pa kọ̀ǹpútà dé. Ẹ sọ fún olùtọ́jú ilé-ìkàwé yín: ó lè ra àyè sí i fún òǹkàwé, ó sì lè bá yín wá ẹ̀dà ọ̀fẹ́.