Ìwọ̀n Máàkì JAMB ní Ẹnu-Ọ̀nà Yunifásítì

Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, ọ̀gá àgbà àjọ JAMB, dìde níwájú àwọn oníròyìn ní Bwari ní agbègbè Àbújá, ó sì sunkún ní gbangba. Kì í ṣe ìròyìn òkú ni ó wá kéde. Ohun tí ó wá sọ ni pé àjọ tí òun ń darí ti ṣe àṣìṣe nínú ìdánwò àṣewọlé sí yunifásítì, àti pé ọmọ 379,997 ni ọ̀ràn náà kàn. Nínú wọn, 206,610 jẹ́ ti Èkó; 173,387 yòókù jẹ́ ti ìpínlẹ̀ márùn-ún tí ó wà ní ilẹ̀ Ìgbò. Gbogbo wọn ni yóò tún ìdánwò náà ṣe.

Àgbàlagbà kì í déédéé da omijé lójú ọjà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí máàkì ìdánwò kan fi lè mú ọ̀gá àgbà sunkún, tí ó sì lè kó ìdààmú bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé, ní láti padà sẹ́yìn sí ìgbà tí kò tíì sí JAMB rárá.

Ní ọdún 1948 ni wọ́n dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì sílẹ̀ ní Ìbàdàn, lábẹ́ ìtọ́jú Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Nsukka tẹ̀lé e ní 1960. Ifẹ̀, Èkó àti Zaria dé ní 1962. Benin dé ní 1970. Láàrin ọdún 1975 sí 1977 ìjọba àpapọ̀ tún fi méje kún un: Calabar, Jos, Maiduguri, Sokoto, Ìlọrin, Port Harcourt àti Kano. Wọ́n di mẹ́tàlá. Ohun ayọ̀ ni èyí, ṣùgbọ́n ó ní wàhálà tirẹ̀. Olúkúlùkù yunifásítì ni ó ń ta fọ́ọ̀mù tirẹ̀, tí ó sì ń yan ọmọ tirẹ̀. Ọmọ tí kò fẹ́ kí ọdún náà kọjá lọ́wọ́ òfo yóò ra fọ́ọ̀mù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bàbá rẹ̀ yóò sì wá owó ọkọ̀ láti ibi kan dé ibi kejì. Ọmọ tí orí rẹ̀ pé lè gba ìwé ìpè láti yunifásítì mẹ́ta. Ọ̀kan ni yóò lọ. Àyè méjì yòókù yóò wà lófìfo, nígbà tí ẹlòmíràn jókòó sílé.

Àwọn gíwá yunifásítì fúnra wọn ni ó kọ́kọ́ pariwo. Ìjọba àpapọ̀ yan ìgbìmọ̀ kan, ó sì fi Ọ̀gbẹ́ni M. S. Angulu ṣe olórí rẹ̀. Ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀ náà ni kí ìdánwò kan ṣoṣo wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Òfin tí ó dá JAMB sílẹ̀ jáde ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1978, Angulu sì di ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́.

Ìrètí wà nínú ètò náà. Máàkì kò mọ ọmọ olówó, kò mọ ọmọ àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí máàkì náà fi kan egbò kan tí ó ti wà lára Nàìjíríà tipẹ́tipẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ girama ti CMS ti ṣí ní Èkó láti ọdún 1859. Ní ìhà Àríwá, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Katsina kò ṣílẹ̀kùn títí di àwọn ọdún 1920. Òǹkà ọgọ́ta ọdún ni ó wà láàrin àwọn méjèèjì. Bí a bá wá kó àwọn ọmọ ọmọ wọn jọ sínú gbọ̀ngán kan náà, tí a fún wọn ní ìbéèrè kan náà, òtítọ́ ni pé ìdánwò náà dọ́gba. Ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ ni kò dọ́gba. Ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ JAMB, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àríwá fẹ́ kí wọ́n tú àjọ náà ká pátápátá. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ìjọba kò tú u ká, ṣùgbọ́n ó wá ọ̀nà láti pín àyè náà.

Ìpín yìí ni ọ̀pọ̀ òbí kò kà sí nígbà tí wọ́n bá ń gbé máàkì ọmọ wọn kiri àdúgbò. Nínú ìlànà tí ó wà fún yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó wà fún àwọn tí máàkì wọn ga jù láìbèèrè ibi tí wọ́n ti wá. Ìdá 35 jẹ́ ti agbègbè tí ó yí yunifásítì náà ká, ìdá 20 sì jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì rinlẹ̀ dáadáa níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó gba 270 lè jókòó sílé kí ẹni tí ó gba 240 wọlé. Inú ẹni àkọ́kọ́ yóò bàjẹ́, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba 240 láti abúlé tí kò ní olùkọ́ ìṣirò náà ti sa ipá tí kò kéré. Ẹjọ́ méjèèjì ni ó jàre, kò sì sí ẹ̀rọ tí ó lè dá a.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn yunifásítì náà bẹ̀rẹ̀ sí fura. Magomago wọ inú ìdánwò. Àwọn olùkọ́ ń sọ pé àwọn ọmọ kan ń gbé máàkì gíga wọlé, síbẹ̀ wọn kò lè tẹ̀lé iṣẹ́ ọdún àkọ́kọ́. Ní ọdún 2005, nígbà tí Chinwe Obaji jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ìjọba gbà kí yunifásítì máa ṣe àyẹ̀wò tiwọn lẹ́yìn ti JAMB. Ní Ìbàdàn, wọn a pín máàkì JAMB sí ọ̀nà mẹ́jọ, wọn a pín ti yunifásítì sí méjì, wọn a sì ro wọ́n pọ̀. Ìdajì ni JAMB kó níbẹ̀. Báyìí ni ẹrù tí òfin 1978 sọ̀ kalẹ̀ ṣe gba ẹ̀yìnkùlé padà wọlé: fọ́ọ̀mù kejì, owó ọkọ̀ kejì, òru àìsùn kejì. Mínísítà Adamu Adamu fòfin dè é ní 2016. Kò pẹ́ tí ó fi padà, pẹ̀lú àṣẹ pé owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ₦2,000.

Ariwo mìíràn sọ ní 2017, nígbà tí wọ́n ní máàkì tí ó kéré jù fún yunifásítì yóò jẹ́ 120 nínú 400. Àwọn kan ní ẹ̀kọ́ ti kú. Wọ́n gbàgbé pé máàkì tí ó kéré jù kò ju ẹnu ìloro lọ. Ẹni tí ó gba 120 kò lè súnmọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, nítorí pé àwọn tí ó ń kanlẹ̀kùn pọ̀ ju àyè tí ó wà lọ.

Láti 2013 ni kọ̀ǹpútà ti wọ inú ìdánwò náà. Ní 2015, wọ́n pa pẹ́ńsù tì. Nígbà tí èsì 2025 jáde ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún, ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ni kò tó 200, nínú èsì 1,955,069. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí bú àwọn ọmọ pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Àwọn mìíràn ní inú àwọn dùn, pé èrú ti dópin ni máàkì fi wálẹ̀. Àwọn òbí àti ilé ẹ̀kọ́ kan kò gbà, wọ́n sì bèèrè àyẹ̀wò.

Ohun tí wọ́n rí rọrùn láti ṣàlàyé. Àjọ náà ti yí ètò padà kí ìbéèrè àti ìdáhùn máa dàrú sí ara wọn lójú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ má baà jíwèé wò lára ẹnìkejì. Bí ìdáhùn bá sì dàrú, ẹ̀rọ tí ń yẹ̀ ẹ́ wò gbọ́dọ̀ mọ bí ó ti dàrú. Wọ́n fi ètò tuntun yìí sí àwọn ẹ̀rọ tí ń bójú tó ìhà Kaduna. Wọn kò fi í sí ti Èkó àti ilẹ̀ Ìgbò. Ọmọ lè dáhùn bí ó ti yẹ, kí ẹ̀rọ sì fi àmì àṣìtì lé e. Láti ọjọ́ 9 sí ọjọ́ 14, àwọn ọmọ wọ̀nyí gbà pé àwọn ni kò mọ̀wé.

Àtúnṣe ìdánwò náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 16, ní àsìkò kan náà tí ìdánwò WAEC ń lọ lọ́wọ́. Ní oṣù keje, àjọ náà àti àwọn yunifásítì fi 150 ṣe máàkì tí ó kéré jù. Lẹ́yìn èyí ni ọmọ tí ó ti ṣe ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀mejì láàrin oṣù kan wá ń múra láti ṣe ti yunifásítì.