Láti Bárígà dé Pelindaba: Bí Àwọn Onímọ̀ Ṣe Rí Inú Bátìrì

Ẹni tó bá gbé Ṣómólú tàbí Bárígà rí yóò mọ àwọn tó ń cháàjì bátìrì lẹ́bàá ọ̀nà. Ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú wọn la gbé bátìrì ínfátà wa lọ. Ó ki ohun tí wọ́n fi ń wọn ásíìdì bọ inú rẹ̀, ó mi orí.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, bátìrì yín ti kú o."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí inú rẹ̀ ni?"

"Mi ò rí i. Omi rẹ̀ ni mo fi mọ̀."

Èsì yẹn ló sún wa dé ìdí ìtàn yìí.

Gaston Planté, ará Faransé, ló ṣe bátìrì olójé lọ́dún 1859. Òjé kan náà ni àwọn olórìṣà Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Òun náà ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà tí àwọn òǹtẹ̀wé ń tò kí kọ̀ǹpútà tó dé, ará Ṣómólú á mọ̀ bẹ́ẹ̀. Planté mọ ohun tí bátìrì rẹ̀ ń ṣe, ṣùgbọ́n kò sí bó ṣe lè rí bí átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ṣe tò.

Ní Jámánì, Röntgen rí X-ray lọ́dún 1895. Lọ́dún 1912, Max von Laue àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú un gba inú kírísítà kọjá, àmì tótòtó tó tò lẹ́sẹẹsẹ sì hàn lórí àwo fọ́tò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, William Bragg àti Lawrence ọmọ rẹ̀ fi ìṣirò yí igun tí ìtànṣán náà gbà yà padà sí àlàfo tó wà láàárín átọ́ọ̀mù. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1915. Ọmọ ọdún 25 ni Lawrence nígbà náà. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi wá léèrè ohun tí àwa ti ṣe.)

X-ray yìí la fi ń dá ohun tó ń pa bátìrì mọ̀. Bí a bá ti ń lo iná inú rẹ̀, kírísítà funfun á máa hù lára òjé. Bí a bá cháàjì í, á yọ́. Bí a bá fi í sílẹ̀ pẹ́ láìcháàjì, kírísítà náà á tóbi, kò sì ní yọ́ mọ́. Ohun tí àwa ṣe gan-an nìyẹn, nígbà tí a lọ sílé fún ìsinmi.

Àmọ́ electron ni X-ray ń bá pàdé. Òjé ní 82, lithium inú bátìrì fóònù ní 3 péré. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń wá ohùn agogo kékeré láàárín ìlù bẹ̀mbẹ́. Neutron, tí Chadwick ṣàwárí lọ́dún 1932, kò ka electron sí. Kóró inú átọ́ọ̀mù ló ń bá pàdé, ó sì ń rí lithium dáadáa. Wollan àti Shull ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Oak Ridge, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1946. Ọdún 1994 ni Shull tó gba Nobel. Wollan ti kú lọ́dún 1984.

Ní Nàìjíríà, ẹ̀rọ átọ́míìkì kékeré kan ti ń ṣiṣẹ́ ní Zaria láti ọdún 2004. Ó dára fún mímọ ohun tó wà nínú iyẹ̀pẹ̀ àti òkúta, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kéré fún iṣẹ́ bátìrì. Pelindaba ní South Africa, níbi tí SAFARI-1 ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1965, ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Bárígà ní àwọn oníkọ́ńdẹ̀mù á ra bátìrì náà nítorí òjé inú rẹ̀. A fi sílẹ̀ fún un.