Ọdún Mẹ́wàá Ó Dín Oṣù Mẹ́rin

Kíka ọdún ọlọ́dún ni iṣẹ́ tí mo fi jẹun. Oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1972 ni mo di akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ kan l'Ékòó, nídìí fáìlì àwọn tó ń fiṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń wá, torí ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ni ìṣirò gírátúítì, owó àsanpọ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbà nígbà tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti sìn lábẹ́ òyìnbó. Ó ní nígbà tiwọn, ọwọ́ gómìnà àgbà ni ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì àti gírátúítì wà. Òfin 1951, tí wọ́n kà sẹ́yìn dé 1946, fún un láyè láti fúnni lówó náà. Òṣìṣẹ́ kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé tòun ni. Ẹ̀bùn ni, ẹni tó ń retí ẹ̀bùn kì í sì í bá olówó jà.

Lábẹ́ òfin 102 ti 1979, ilà tí mo mọ̀ bí ẹni mowó ni ọdún 10 fún gírátúítì, ọdún 15 fún owó ìfẹ̀yìntì oṣooṣù. Ní 1988, bàbá mẹ́séńjà kan kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kó lè lọ mójú tó oko bàbá rẹ̀ n'Íjẹ̀bú. Èmi ni mo ṣírò tiẹ̀: ọdún 9, oṣù 8. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì, bóyá ìka mi ló ṣì í. Bàbá wò mí lójú: "Màdáámù, oṣù mẹ́rin péré?" N kò rí èsì fún wọn.

Ọjọ́ kìíní oṣù Òkúdù 1992 ni wọ́n fa ilà náà sẹ́yìn: ọdún 5 fún gírátúítì, 10 fún ti oṣooṣù. Ẹni tó ṣe ọdún 5 ń gba odindi owó ọdún kan. Ẹni tó ṣe 35 ń gba ti ọdún mẹ́ta. Fáìlì bàbá mẹ́séńjà ti wọ yàrá eruku nígbà náà.

Òfin 2004 yí eré padà. Nígbà náà, òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, ìjọba ń dá 7.5, sínú àkántì tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Àwọn tó ku ọdún mẹ́ta tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìn tì nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ lábẹ́ òfin àtijọ́. Mo pé ọdún 35 ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2007, mo sì gba gírátúítì mi. Àbúrò tá a jọ ń lo tábìlì wọlé ní 1976; ọdún tiẹ̀ ni wọ́n ṣírò, tí wọ́n dà sínú àkántì. Ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ họ ìsàlẹ̀ ìkòkò."

Òfin 2014 ṣì gba agbanisíṣẹ́ láyè láti fi gírátúítì kún un, bí òun àti òṣìṣẹ́ bá jọ ṣàdéhùn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ọmọ ọmọ mi kan bá sáré wá sọ pé òun ti ríṣẹ́, n kì í kọ́kọ́ béèrè owó oṣù. Mo máa ń ní kó mú lẹ́tà náà wá, kí n wọ awò ojú mi.